Ilé Là Á Wò Ká Tó Sọmọ Lórúkọ: Chadwick Boseman Níwájú Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́gboyè Howard, 2018

Ohun mẹ́ta ni a máa ń wò bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ kan fi wọ èèyàn lára: ẹni tó sọ ọ́, àwọn tó gbọ́ ọ, àti àsìkò tí wọ́n sọ ọ́. Ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí la fẹ́ fi wo ọ̀rọ̀ tí Chadwick Boseman, gbajúmọ̀ òṣèré tó ṣe ọba Wakanda nínú fíìmù Black Panther, bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́gboyè Yunifásítì Howard sọ ní ọjọ́ 12, oṣù Karùn-ún, ọdún 2018. Ṣé òkìkí rẹ̀ nìkan ló fi mú wọn lọ́kàn ni? Lójú tiwa, rárá.

Ẹ jẹ́ ká ti orí àsìkò bẹ̀rẹ̀. Ní 1867, ọdún méjì péré lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ni wọ́n dá Howard sílẹ̀ ní Washington, D.C., àwọn aláwọ̀ dúdú ló sì pọ̀ jù níbẹ̀ títí dòní. Nnamdi Azikiwe tiwa náà kàwé níbẹ̀ kó tó lọ sí Lincoln. Ayẹyẹ ìgboyè wọn kì í ṣe kékeré. Ibẹ̀ ni Ààrẹ Lyndon Johnson ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní 1965, ibẹ̀ náà sì ni Barack Obama ti sọ̀rọ̀ ní 2016.

Ṣùgbọ́n kí Boseman tó dé, ilé ti gbóná. Láti ìparí oṣù Kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin 2018, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba ilé ìṣàkóso yunifásítì náà, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n sì fi wà níbẹ̀. Wọ́n ń fẹ̀hónú hàn lórí ibùgbé, owó ilé-ìwé àti bí wọ́n ṣe ń ṣe owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn aláṣẹ tún péjọ síbi ayẹyẹ kan náà. Kí ni àlejò tó bọ́ sáàárín ìjà ẹbí fẹ́ sọ? Bó bá yin àwọn ọmọ, ó lè dójú ti àwọn tó pè é. Bó bá dákẹ́, àwọn ọmọ á ní oúnjẹ ló wá jẹ.

Ohun tí Boseman kọ́kọ́ ṣe ni pé ó jẹ́ kí wọ́n rántí pé ọmọ ilé ni òun. Howard ló ti gboyè ní 2000. Ó sọ bí òun ṣe ń rìn lọ nínú ọgbà náà lọ́jọ́ kan, tí òun dorí kodò, tí òun ń ro ìṣòro ara òun. Bí òun ṣe gbójú sókè, Muhammad Ali, ìlúmọ̀ọ́ká nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ló ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ali gbé ẹ̀ṣẹ́ sókè, bí ẹni pé àwọn méjèèjì fẹ́ jà. Ìtàn kékeré ni, àmọ́ iṣẹ́ ńlá ló ṣe: ilẹ̀ tí àwọn ọmọ náà jókòó lé gan-an ló ti ṣẹlẹ̀. Orí òkè ni ilé-ìwé náà wà, Boseman sì sọ òkè yẹn di àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ fún ohun tí kálukú là kọjá kó tó gboyè.

Lẹ́yìn èyí ló kan ìfẹ̀hónúhàn náà lójúkorojú. Ó ní ohun tí wọ́n jà fún kì í ṣe ti ara wọn nìkan, ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni. Ó tún yin àwọn aláṣẹ pé wọ́n gbọ́ ti àwọn ọmọ. Ẹ wo ọgbọ́n yẹn: kò fi ìyìn ẹnì kan bú ẹnì kejì, kò sì dibọ́n bí ẹni pé ìjà ò ṣẹlẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Boseman sọ kòtò tirẹ̀. Ó rí iṣẹ́ nínú eré tẹlifíṣọ̀n kan tó ń mówó gidi wọlé. Ìwà ọ̀daràn ni wọ́n fi hun ọmọ aláwọ̀ dúdú tó fẹ́ ṣe níbẹ̀: kò sí bàbá nílé, ìyá sì ń lo oògùn olóró. Ó béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kó máa lọ. Ìgbà tó sọ èyí tán ló wá ní ìyàtọ̀ wà láàárín iṣẹ́ òòjọ́ àti ohun tí a torí rẹ̀ wáyé. Bí kò bá kọ́kọ́ sọ ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, ìmọ̀ràn lásán ni ìyẹn ì bá jẹ́.

Ohun kan wà tí kò sọ. Láti 2016 ni àwọn dókítà ti rí jẹjẹrẹ ìfun lára rẹ̀. Kò fi wá àánú lọ́jọ́ náà. Ìgbà tó kú ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹjọ, ọdún 2020, lẹ́ni ọdún 43, ni ayé tó mọ̀. Ní 2021, Howard fi orúkọ rẹ̀ sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọnà wọn.

Àwa tí ìyanṣẹ́lódì 2022 gba oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ wa náà máa wọ gáùn lọ́jọ́ kan. Ẹni yòówù tí wọ́n bá pè wá bá wa sọ̀rọ̀, òkìkí rẹ̀ lè mú ká pàtẹ́wọ́ nígbà tó bá ń wọlé. Àmọ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó wọ̀ wá lára, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ojú wa rí, kó sì lè sọ ọ́ níwájú àwọn tó pè é.