Ẹni tó gbà pé òun jẹ̀bi ṣì lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn

Bí ọmọ Ọ̀kà-Àkókó kan bá gbà níwájú adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga n'Ìkàrẹ́ pé òun jẹ̀bi, tí wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n, àwọn ẹbí rẹ̀ lè rò pé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin Nàìjíríà fún un ní 90 ọjọ́ láti gbé ẹjọ́ náà lọ sílé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nílùú Àkúrẹ́. Ó lè sọ pé ẹ̀sùn náà kò yé òun, tàbí pé ìjìyà náà ju èyí tí òfin là kalẹ̀ lọ. Àmọ́ kí ó ṣọ́ra o: àwọn adájọ́ lè dín ẹ̀wọ̀n náà kù, wọ́n sì lè fi kún un. Ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò lè tọ Legal Aid Council lọ, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bá àwọn aláìní rojọ́. Ọjọ́ ìdájọ́ ni 90 ọjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.