Eré Ìdárayá àti Ìwọ̀n Rẹ̀: Ohun Tí Ìtàn Kọ́ Wa

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n ní kí àwọn ọmọ sáré ní ọ̀sán gangan, nínú oṣù kẹta tí oòrùn máa ń mú gan-an ní Bassila àti Manigri. Ọmọbìnrin kan kò tíì jẹun láti àárọ̀, kò sì rí omi mu. Ó ṣubú lulẹ̀. A gbé e sí abẹ́ igi máńgòrò, a da omi tútù sí i lára, ó sì sọjí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé: níbo ni a ti rí àṣà yìí, pé kí gbogbo ọmọ sá iye kan náà, ní àkókò kan náà, bí ẹni pé ara wọn dọ́gba?

Ìtàn ni ó dá mi lóhùn. Ilẹ̀ Faransé ni ẹ̀kọ́ tí a ń pè ní EPS ti wá, ọwọ́ àwọn ológun ni ó sì ti kọ́kọ́ wà. Ní 1852, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Joinville, lẹ́bàá Paris, láti kọ́ àwọn ológun tí yóò máa darí eré ìdárayá. Lẹ́yìn tí Jámánì ṣẹ́gun Faransé nínú ogun 1870 sí 1871, òfin ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1880 sọ ẹ̀kọ́ náà di dandan fún àwọn ọmọkùnrin ní ilé-ìwé ìjọba. Nígbà tí ilé-ìwé Faransé dé Dahomey, àṣà ìlà gígún, fèrè àti àṣẹ bá a wọlé.

Síbẹ̀, Faransé kan rí ohun mìíràn. Georges Hébert, ọ̀gá ológun ojú omi tí a bí ní 1875, ṣàkíyèsí nínú ìrìn-àjò rẹ̀ pé àwọn ènìyàn Áfíríkà àti ti ilẹ̀ mìíràn, tí wọn kò ní olùkọ́ eré ìdárayá kankan, ní ara tí ó le tí ó sì yá gágá. Ìgbésí ayé wọn ni olùkọ́ wọn. Ní ara èyí ni ó ti fa ìlànà rẹ̀ yọ, ó sì pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá: rírìn, sísáré, fífò, fífi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rìn, gígun òkè, dídúró láìyẹsẹ̀, jíju nǹkan, gbígbé ẹrù, gbígbèjà ara ẹni àti lílúwẹ̀ẹ́.

Èwo nínú wọn ni àwọn baba ńlá wa kò ṣe? Wọ́n rin ìrìn oko, wọ́n gun ọ̀pẹ, wọ́n ru omi, wọ́n ja ìjàkadì. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìwọ̀n. Ìdájí ni àgbẹ̀ ń lọ sóko. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, abẹ́ igi ni yóò wà. Nínú ìjàkadì, ẹgbẹ́ ni í bá ẹgbẹ́ jà, lórí iyanrìn. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ ti ṣubú, ìjà sì parí. Àwọn Kabiyè tí ó wà ní agbègbè Kara ní Togo ṣì ń ṣe Evala lọ́dọọdún ní oṣù keje, níbi tí ìjàkadì ti ń sọ ọ̀dọ́ di ọkùnrin.

Ìwọ̀n yìí ni ó yẹ kí a dá padà sí pápá ilé-ìwé. Ní 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 60, ó kéré tán, lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ rìn, kí ó na ara, kí ara móoru kí ó tó sáré. Kí ó mu omi ṣáájú, láàárín àti lẹ́yìn eré. Àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí a yàn. Kí a má ṣe fi ipá mú ọmọ tí ó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde tàbí ikọ́ fée. Dókítà ni yóò sọ ohun tí ara rẹ̀ lè gbà. Ọmọ tí òòyì bá ń kọ́ tàbí tí àyà ń dùn, kí ó dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Lónìí, INJEPS ní Porto-Novo ń kọ́ àwọn olùkọ́ EPS tiwa. Fèrè ti wà lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí a fi ọgbọ́n àwọn àgbà fọn ọ́n, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.