Waqf: Ohun tí a Yà Sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ kan wò lónìí: waqf. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ lédè Lárúbáwá ni kí nǹkan dúró lójú kan. Èkejì rẹ̀ ni habs, ìyẹn kí a sé nǹkan mọ́; òun ló pọ̀ nínú ìwé Màlíkí tí àwọn àáfà wa ń kà. Ẹ̀kẹta ni tasbīl, kí a fi nǹkan sójú ọ̀nà Ọlọ́run. Àwa ní tiwa ń pè é ní yíyà sọ́tọ̀.

Sàárà tí a bá jẹ ti tán nìyẹn. Ti waqf kò rí bẹ́ẹ̀: ìdí rẹ̀ á dúró, èso rẹ̀ là ń pín.

Lẹ́yìn ìṣẹ́gun Khaybar ní 628, Sayyidinā Umar ní ilẹ̀ dáadáa kan níbẹ̀. Ó bi Ànábì wa (s.a.w.) léèrè ohun tí òun ó fi ṣe. Ìmọ̀ràn tó gbà ni pé kó dá ilẹ̀ náà dúró, kó máa fi èso rẹ̀ ṣe sàárà. Láti ìgbà náà, títà kò sí, títa lọ́rẹ kò sí, ogún pínpín kò sí. Tálákà, ìbátan, àlejò àti arìnrìn-àjò ló ń jẹ ẹ́. Umar mú kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fi Hafsa ọmọ rẹ̀ ṣe alámòójútó.

Nílé wa ńkọ́? Baba á fẹnu lásán yọ̀ǹda ilẹ̀ fún mọ́ṣáláṣí. Tó bá kú tán, ọmọ á lóun ò gbọ́, ló bá tà á. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ pe ẹlẹ́rìí. Ohun tí a yà sọ́tọ̀ tí a ò kọ, wọn ò ní pẹ́ pín in.