Mọ́lùé: Ọkọ̀ Akẹ́rù Tí Àwọn Jórinjórin Èkó Sọ Di Ọkọ̀ Èrò

Ilé iṣẹ́ Mercedes-Benz ní ilẹ̀ Jámánì kò fi ìgbà kan ṣe mọ́lùé. Ohun tí wọ́n ṣe ni ọkọ̀ akẹ́rù 911, tí a mọ̀ mọ́ yanrìn, sìmẹ́ǹtì àti igi gẹdú. Àwọn jórinjórin Èkó ni wọ́n tú ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ọkọ̀ tí àìmọye òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò ń wọ̀ láràárọ̀. Bí ọ̀rọ̀ mọ́lùé bá ṣẹlẹ̀ lónìí, awakọ̀, kọ̀ndọ́kítọ̀ àti oníwàásù inú ọkọ̀ ni a máa ń rántí. Àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ wọn kan ọkọ̀ náà kì í sábà wọ inú ìtàn, bẹ́ẹ̀ ìtàn tiwọn gan-an ni ó ní ẹ̀kọ́ nínú jù.

Iṣẹ́ yìí ti wà kí mọ́lùé tó dé. Ní ayé àwọn amúnisìn, wọ́n máa ń kó ọkọ̀ Bedford wọlé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìní ara: ẹ́ńjìnnì, táyà, àti irin gbọọrọ méjì tí ó dúró bí eegun ẹ̀yìn fún ọkọ̀ náà. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà níhìn-ín ni wọ́n ń fi pákó kan ìyókù. Ọkọ̀ kan náà ni ó ń kó èrò lọ sí ọjà, òun náà ni ó ń kó kòkó bọ̀ láti oko. Lórí àga pákó inú rẹ̀, orúnkún ń kan orúnkún, asọ̀ kì í sì í jìnnà. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá: bọ́lẹ̀kájà, bọ́ sílẹ̀ kí á jà.

Ní ẹ̀wádún 1970, owó epo rọ̀bì fa èrò wọ Èkó láti igun gbogbo. Bọ́ọ̀sì ìjọba kò kárí. Àwọn jórinjórin wá rọ́pò gbẹ́nàgbẹ́nà, irin sì rọ́pò pákó. Wọ́n yọ apá tí 911 fi ń kó ẹrù, wọ́n jó irin mọ́ eegun ẹ̀yìn ọkọ̀ bí egungun ìhà, wọ́n fi páànù bò ó, wọ́n gé ojú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà, wọ́n to àga irin tóóró sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kùn ún ní ọ̀dà ìyeyè, wọ́n sì fa ìlà dúdú sí i lára. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó sọ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù Volkswagen, tí kò ní fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́, di dánfó.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí á fi oyin bo ìtàn yìí. Ọkọ̀ tí a ṣe fún ẹrù kì í rọ ènìyàn lára. Irin àga ń ya aṣọ, èrò ń rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò sì wọn bóyá òrùlé páànù náà lè gba ẹ̀mí là bí ọkọ̀ bá dojú dé. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì fi ìyà inú mọ́lùé kọrin, kò sì parọ́.

Ṣùgbọ́n irú ojútùú wo ni ìjọba mú wá? Ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹta, ọdún 2008, BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 dé CMS pẹ̀lú bọ́ọ̀sì tí a kó wọlé láti òkè òkun. Ìtura dé fún èrò. Àmọ́ bí mọ́lùé ṣe ń kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a da ọmọ nù pọ̀ mọ́ omi tí a fi wẹ̀ ẹ́: a kò pe àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà jókòó.

Kì í ṣe bí ó ṣe rí níbi gbogbo nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Jeep dẹ́kun ṣíṣe píkọ́ọ̀pù ní ọdún 1992. Àwọn tí ó ṣì fẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gé jíìpù Wrangler. American Expedition Vehicles fa eegun ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ó fi ilẹ̀kùn mẹ́rin sílẹ̀, ó sì fi ibi ìkẹ́rù sí i lẹ́yìn. Jeep kò fi agbófinró lé wọn. Ní 2011, Mopar, tí ó jẹ́ ẹ̀ka ilé iṣẹ́ kan náà, ń ta àwọn ẹ̀yà tí ènìyàn lè fi sọ Wrangler di píkọ́ọ̀pù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, Jeep fúnra rẹ̀ gbé Gladiator onílẹ̀kùn mẹ́rin jáde ní Los Angeles. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ aláṣọ-iṣẹ́ dé orí àtẹ ilé iṣẹ́ ńlá.

Ọgbọ́n ọwọ́ kọ́ ni Amẹ́ríkà fi ju Èkó lọ. Ìwọ̀n, àyẹ̀wò àti owó ìdókòwò ni. Lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ yọ ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ó dá ètò kalẹ̀ láti sọ ọkọ̀ elépo di ọkọ̀ tí ń lo gáàsì, ó sì ń fún àwọn ibùdó tí ń ṣe iṣẹ́ náà ní ìwé ẹ̀rí. Èyí fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Bí a bá lè dán ọwọ́ mẹ́káníìkì wò kí á sì fọwọ́ sí i, kí ni ó dé tí a kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún jórinjórin?