Ohun Tí Ọmọ Kétu Rí Lára Aṣọ Àgbómẹ̀

Ọmọ Kétu ni mí, Kùtọnu ni mo ti ń kọ́ aṣọ rírán àti àrà dídá. Ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ fún wa jù ni pé kí ènìyàn rí aṣọ lọ́nà, kó sì mọ ọwọ́ ẹni tó rán an. Bí wọ́n bá wá ní kí a dá àrà tó jẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀, kìnnìún Glele àti àkùrákùdà Béhanzin, àwọn ọba Dàhòmì, ni púpọ̀ nínú wa ń sáré gé mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀wù. Àwọn àwòrán náà wù mí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọba ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọwọ́ wa.

Ní Àgbómẹ̀, olú-ìlú ìjọba Dàhòmì àtijọ́, àwọn aránṣọ ààfin, tí ìdílé Yemadje lókìkí jù nínú wọn, ló ń gé aṣọ aláwọ̀ oríṣiríṣi sí àwòrán. Wọ́n á ká etí rẹ̀ sínú, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ rán an mọ́ aṣọ mìíràn. Ara àsíá, agboòrùn àti fìlà ọba pẹ̀lú ti àwọn ìjòyè ni iṣẹ́ yìí wà. Aṣọ òyìnbó tó gba etíkun wọlé sì wà lára ohun tí wọ́n ń gé.

Ibi tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni pé ọ̀rọ̀ ló ń ṣáájú àwòrán. Ọba tó bá gorí ìtẹ́ a sọ gbólóhùn kan, inú gbólóhùn náà ni orúkọ àti àmì rẹ̀ ti ń jáde. Agonglo ní àrá a máa sán lu ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n kì í rí ọ̀pẹ̀yìnbó mú. Bí ọ̀pẹ̀yìnbó ṣe di àmì rẹ̀ nìyẹn. Agaja, tó gba Glehue (Ouidah) létí òkun ní 1727, ọkọ̀ òkun ni tirẹ̀. Béhanzin, tí àwọn Faransé ń bá du Kùtọnu yìí gan-an, mú ẹja tó ń da ẹnu òkun rú. Wọn kò wá àwòrán ẹlẹ́wà kiri. Ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀.

Ṣùgbọ́n ní 1886, ọmọ ogun Glele fọ́ Kétu, wọ́n sì kó ará ìlú lẹ́rú. Àwa Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nàgó níhìn-ín, wà lára ọ̀tá tí wọ́n gé sára aṣọ Àgbómẹ̀, tí ajagun Dàhòmì ń pa. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé kìnnìún Glele sáyà, kí n pè é ní tèmi? Ẹlẹgbẹ́ mi tó jẹ́ Fọ̀n lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba pàtẹ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 tí Faransé dá padà, ní Palais de la Marina, ààfin ààrẹ ní Kùtọnu. Ọmọ ogun Faransé tí Dodds darí ló kó wọn ní Àgbómẹ̀ ní 1892. Èrò pọ̀ nídìí ère àti ìlẹ̀kùn ààfin. Ìdí òfì, ìrànwú àti ẹ̀wù ọmọ ogun ni èmi dúró sí. Wọ́n ní Sossa Dede ló gbẹ́ ère Béhanzin. Kò sí orúkọ aránṣọ kankan lára ẹ̀wù náà. Ó dùn mí.

Kétu náà ní ọwọ́ tirẹ̀. Ẹni tó ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó tí UNESCO bu ọlá fún ní 2001, a yá gèlè, ìró àti ọ̀já lọ́wọ́ àwọn obìnrin, a wé wọn mọ́ra léra-léra títí àyà àti ìdí á fi yọ bíi ti ìyá ọlọ́mọ. Kì í gé aṣọ tó yá, torí ó gbọ́dọ̀ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọwọ́ tèmi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí gbólóhùn, bí wọ́n ti ń ṣe ní Àgbómẹ̀: wọ́n kó ìlú wa, wọn kò kó ìmọ̀ ìyá wa. Mo wá fi aṣọ aró ṣe ẹ̀wù tí a ń wé, tí a ń so, tí a kò gé. Kò ní bọ́tìnnì.

Ẹ̀yin tó ń darí ilé ẹ̀kọ́ aṣọ ní Kùtọnu, mo bẹ̀ yín, ẹ mú akẹ́kọ̀ọ́ dé Àgbómẹ̀ àti Kétu kí ẹ tó kó ìwé àrà aṣọ Paris lé wọn lọ́wọ́. Ìlú méjèèjì kò tó kìlómítà 160 síbí.