Bí agbẹjọ́rò tó ń sá fún ẹjọ́ ṣe dojú kọ ọ̀gá ológun nínú fíìmù ‘A Few Good Men’

Ọdún 1992 ni fíìmù ‘A Few Good Men’, èyí tí Rob Reiner darí, jáde ní Amẹ́ríkà. Aaron Sorkin ló kọ ọ́, láti inú eré orí ìtàgé rẹ̀ tó dé Broadway lọ́dún 1989. Ẹjọ́ inú kóòtù ológun ni wọ́n fi ṣe eré náà, àmọ́ bí ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò kan, Daniel Kaffee, ṣe ń ní ìgboyà díẹ̀díẹ̀ ló gbé e ró.

Ọmọ ogun méjì, Dawson àti Downey, ni wọ́n fẹ̀sùn kàn pé wọ́n pa William Santiago, ẹni tí wọ́n jọ wà ní ibùdó ológun Amẹ́ríkà ní Guantanamo, lórílẹ̀-èdè Kúbà. Wọ́n ní àṣẹ ọ̀gá làwọn tẹ̀ lé láti fìyà jẹ ẹ́.

Kaffee, tí Tom Cruise ṣe, kò rojọ́ níwájú adájọ́ rí. Ìdúnàádúrà ìdákọ́ńkọ́ ló mọ̀ ọ́n ṣe, kí afurasí gbà pé òun jẹ̀bi, kí ìyà rẹ̀ lè fúyẹ́. Gbajúmọ̀ agbẹjọ́rò ni bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé, ẹ̀rù sì ń ba ọmọ pé òun kò ní tó o. Agbẹjọ́rò ìjọba ṣèlérí pé láàárín oṣù mẹ́fà, àwọn méjèèjì yóò ti padà sílé bí wọ́n bá gbà pé àwọn jẹ̀bi ẹ̀sùn tó kéré sí ìpànìyàn. Dawson kọ̀ jálẹ̀, kò tilẹ̀ bẹ́rí fún Kaffee. Ìgbà náà ni Kaffee pinnu láti rojọ́.

Ọ̀nà kò tẹ́jú. Markinson, ọ̀gá ológun tí ì bá jẹ́rìí gbè wọ́n, pa ara rẹ̀. Downey sì jẹ́wọ́ ní kóòtù pé òun kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀gá pàṣẹ. Kaffee mutí yó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jáwọ́. Galloway, tí Demi Moore ṣe, ló ní kí wọ́n pe Kọ́nẹ́ẹ̀lì Jessup wá jẹ́rìí. Ewu ńlá ni, nítorí agbẹjọ́rò ológun tó bá fẹ̀sùn kan ọ̀gá láìní ẹ̀rí lè di ẹni tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́.

Jessup, tí Jack Nicholson ṣe, ti sọ pé wọ́n ti pàṣẹ kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan Santiago. Ó tún sọ pé òun fẹ́ gbé e kúrò níbẹ̀ torí pé ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Ó sì ti fọ́nnu pé kò sẹ́ni tó ń rú òfin òun. Kaffee bi í pé bí kò bá sẹ́ni tó ń rú òfin rẹ̀, ewu wo ló tún wà? Ẹnu òrofó ní ń pòrofó: ìbínú ru Jessup, ó sì jẹ́wọ́ pé òun lòun pàṣẹ.

Wọ́n dá àwọn méjèèjì sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn, ṣùgbọ́n wọ́n lé wọn kúrò nínú iṣẹ́ ológun torí ìwà tí kò yẹ ọmọ ogun. Dawson gbà bẹ́ẹ̀: ẹni tí kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ló yẹ kí àwọn gbèjà. Kó tó jáde, ó bẹ́rí fún Kaffee.