Pàǹtí, Òjé àti Ojú-Ọjọ́: Bí Àwọn Ọ̀dọ́ Ṣe So Ọ̀rọ̀ Àyíká Mọ́ Ọ̀rọ̀ Ẹ̀yà àti Ọrọ̀ ní Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ọdún 2018, nǹkan bí ọ̀dọ́ 200 wọ ọ́fíìsì Nancy Pelosi ní Washington, wọ́n sì jókòó síbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí ilé aṣòfin gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí yóò ṣètò bí a ó ṣe dẹ́kun ìgbóná ayé, tí yóò pèsè iṣẹ́ fún tálákà, tí yóò sì wo ọgbẹ́ tí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti dá sí àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn onílẹ̀ àtijọ́ lára. Ọlọ́pàá mú 51 nínú wọn. Àwọn alárìíwísí sọ pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí kò bára tan ni àwọn ọmọ wọ̀nyí dì sínú ẹrù kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn tí ìyà àyíká jẹ jù lọ ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò fi ìgbà kan pínyà rí, àwọn ọ̀dọ́ sì ti fi ìyẹn hàn láti ọdún 1969, kí ọ̀rọ̀ ojú-ọjọ́ tó di ohun tí gbogbo ayé ń sọ.

Apá ìlà-oòrùn Harlem, ní ìlú New York, ni ibi tí ó yẹ kí a ti wò ó. Àwọn ará Puerto Rico ni ó pọ̀ níbẹ̀. Amẹ́ríkà gba erékùṣù wọn lọ́wọ́ Sípéènì ní ọdún 1898, ó sì sọ wọ́n di ọmọ ìlú rẹ̀ ní ọdún 1917. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí iṣẹ́ oko ìrèké ń jó rẹ̀yìn nílé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn kó wá sí New York. Ilé ògbólógbòó ni wọ́n bá, iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré ni wọ́n sì rí ṣe. Ọkọ̀ akópàǹtí kì í sì í dé àdúgbò wọn déédéé.

Nígbà ooru ọdún 1969, àwọn ọ̀dọ́ kan tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wá bá àwọn ará àdúgbò yìí. Wọ́n ti ka ìwé nípa ìyípadà ìjọba, ẹnu wọn sì kún fún ọ̀rọ̀ ńláńlá. Wọ́n bi àwọn àgbàlagbà léèrè pé kí ni ó ń dà wọ́n láàmú jù lọ. Èsì tí wọ́n rí gbà ni pé pàǹtí ni. Èsì yìí kéré létí ẹni tí ó ti ń múra láti yí ayé padà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ náà ni pé wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀. Ní ọjọọjọ́ Àìkú wọ́n ń gbá ìgboro. Nígbà tí wọ́n lọ bèèrè ìgbálẹ̀ sí i lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìmọ́tótó, wọ́n lé wọn padà.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje, ní Tompkins Square Park, wọ́n kéde ara wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka Young Lords, ẹgbẹ́ tí José Jiménez ti sọ di ti òṣèlú ní Chicago láti inú ẹgbẹ́ jàǹdùkú àdúgbò. Ní ọjọ́ kejì, àwọn àti àwọn ará àdúgbò kó pàǹtí náà jọ gegere sí àárín Third Avenue, ní òpópó 110. Ọkọ̀ kò lè kọjá mọ́. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta títí wọ oṣù Kẹjọ, wọ́n sì ń ti iná bọ òkìtì náà. Nígbà tí pàǹtí wà lẹ́nu ọ̀nà tálákà, kò sí aláṣẹ tí ó rí i. Nígbà tí ó dé ojú títì tí àwọn òṣìṣẹ́ olówó ń gbà lọ sílé, gbogbo wọn rí i. John Lindsay, tí ó jẹ́ olórí ìlú nígbà náà, ń wá ìbò fún oṣù Kọkànlá ọdún náà. (Ìyìnyín tí a kò tètè kó ní Queens ní oṣù Kejì kan náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, aláwọ̀ funfun ni ó pọ̀ ní àdúgbò wọ̀nyẹn, ariwo wọn sì tètè dé etí ìjọba.)

Láti ọ̀dọ̀ pàǹtí, ọ̀rọ̀ dé inú ilé. Ọ̀dà àtijọ́ ní òjé nínú. Bí ó bá gbó, a máa ré lára ògiri, àwọn ọmọ kéékèèké a sì máa jẹ ẹ́ nítorí pé ó dùn lẹ́nu. Òjé náà a wọ inú ẹ̀jẹ̀, a sì máa ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. New York ti fi òfin de irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ nínú ilé ní ọdún 1960, ṣùgbọ́n òfin kò ha ti ara ògiri kúrò, onílé kò sì fẹ́ náwó. Ilé-iṣẹ́ ìlera ní ohun èlò àyẹ̀wò nílẹ̀ tí wọn kò lò. Àwọn ọ̀dọ́ náà lọ jókòó sí ọ́fíìsì wọn ní ìparí ọdún 1969 títí wọ́n fi rí i gbà, àwọn àti àwọn oníṣègùn sì ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò lè kàwé dáadáa, tí a ti ń sọ fún pé ọmọ náà ya òmùgọ̀, wá gbọ́ pé ògiri ilé ni ó ń pa á lára. Ibi yìí ni àyíká, ẹ̀yà àti òṣì ti di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lójú rẹ̀. Kò sí olùkọ́ kankan tí ó ní láti là á yé e. Ní ọdún 1970 ìlú dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ májèlé òjé.

Ní oṣù Kẹfà ọdún náà wọ́n gba ọkọ̀ tí ó ń ya àwòrán ẹ̀dọ̀fóró kiri, wọ́n sì fi wá ikọ́ ife láàárín àwọn ará àdúgbò. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje wọ́n gba ilé ìwòsàn Lincoln ní Bronx fún wákàtí díẹ̀. Ilé tuntun rẹ̀ ṣí ní ọdún 1976.

Láàárín ìgbà yìí ni Ọjọ́ Ilé-Ayé àkọ́kọ́ bọ́ sí, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1970. Nǹkan bí 20 mílíọ̀nù ènìyàn jáde. Odò àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n sọ̀rọ̀ lé jù. Ó ṣọ̀wọ́n kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dà ilé tálákà. Ìpínyà tí àwọn alárìíwísí ọdún 2018 kà sí ohun àdánidá, ìgbà yìí ni ó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà kò pẹ́. Àwọn obìnrin inú rẹ̀, bí Denise Oliver àti Iris Morales, jà kí wọ́n tó yí ohun tí ètò ẹgbẹ́ sọ nípa obìnrin padà ní ọdún 1970. Ìṣọ́ FBI, ìjà abẹ́lé, àti agbára tí wọ́n kó lọ sí Puerto Rico ní ọdún 1971 sọ wọ́n di aláìlágbára, ó sì parí ní ọdún 1976.

Ọ̀rọ̀ náà tún jáde ní North Carolina, láìsí ọwọ́ Young Lords níbẹ̀. Ní ọdún 1978 àwọn kan da epo PCB, tí ó jẹ́ májèlé, sí ẹ̀bá ọ̀nà tí ó gùn tó 240 máìlì. Ìjọba ìpínlẹ̀ pinnu láti sin ilẹ̀ onímájèlé náà sí Afton ní Warren County, láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n tún jẹ́ tálákà. Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982, tọmọdé tàgbà dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà, ọlọ́pàá sì mú ènìyàn tí ó ju 500 lọ. Wọ́n sin májèlé náà bí ó ti wù kí ó rí. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ ni ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀, títí dé àṣẹ tí Ààrẹ Clinton pa ní oṣù Kejì ọdún 1994, pé kí gbogbo ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa wo ibi tí ìnira àyíká ń bọ́ sí lórí àwọn ẹ̀yà kékeré àti tálákà.

Ìjì Katrina, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2005, ni ó so èyí mọ́ ojú-ọjọ́ lójú gbogbo ènìyàn: omi bo New Orleans, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò rí ọkọ̀ sá lọ sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú tí kò lówó lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n jókòó sí ọ́fíìsì Pelosi jẹ́ ọmọdé nígbà náà. Alexandria Ocasio-Cortez, ọmọ Bronx tí ìdílé rẹ̀ wá láti Puerto Rico, wá bá wọn níbẹ̀. Òun àti Ed Markey sì gbé àbá Green New Deal wá sí ilé aṣòfin ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2019. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta, Sẹ́nétọ̀ 57 dìbò takò ó, ẹnì kankan kò dìbò fún un. Púpọ̀ nínú àwọn Dẹmọkíráàtì kàn dáhùn pé àwọn wà níjòókòó. Àṣẹ Clinton náà wà títí di oṣù Kìíní ọdún 2025, nígbà tí Ààrẹ Trump fagi lé e.